Iléyá Ọdún Tí Mọ́tò Bàbá Gun Odó

Àwọn ọmọ mi ti ní mọ́tò báyìí. Bí nǹkan bá dún kín-ín lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ti wọ́ ọ lọ bá mẹkáníìkì, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wo ọwọ́ ọlọ́wọ́. Mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá ń sọ ọ́ létí mi pé ará ìgbà àtijọ́ ò mọ̀ ju oko lọ, mo máa ń ní kí wọ́n fìdí kalẹ̀, kí n sọ ti ọdún tí mọ́tò Bàbá gun odó fún wọn. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ mà ti sọ ọ́ fún wa." Màá ní kí wọ́n panu mọ́, kí n tún un sọ. Ilé tí wọ́n bí èmi Rálíátù sí kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ, kò sì sí ohun tó máa mú mi fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Bẹ́yẹrúnká ni agbo ilé wa wà. Alágbẹ̀dẹ ni wá, Mùsùlùmí sì ni wá, ariwo ilé ni mo sì fi ń mọ àkókò kí n tó mọ aago wò. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, àwọn ọmọ kéú á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa, ẹwìrì bàbá mi á máa mí fùù, fùù, owú á sì máa dá a lóhùn. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni wàá ti máa gbọ́ Ìyálé, ìyàwó àgbà bàbá mi, tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé pé ta ló gbé ìgbálẹ̀ òun. Ẹ̀kọ ni tàárọ̀, iyán ni tàṣálẹ́. Ìyálé ló ni odó tó tóbi jù ní gbogbo àdúgbò, odó tó jẹ́ pé géńdé méjì ló ń gbé e; bí àwọn ìyá wa bá ti gbé ọmọ odó lé iyán nínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbọ́ ọ dé Àrẹ̀mọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìró odó yẹn mọ̀ pé ilé wa ń jẹun, ohun tí Ìyálé sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ gan-an nìyẹn.

Bàbá Àgbà, tó bí bàbá mi, ni olórí ilé. Òun ló fi iṣẹ́ irin lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ẹsẹ̀ ti ń dà á láàmú. Orúnkún rẹ̀ wú, kò sì lè rìn ju láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà lọ, tòun tọ̀pá. Àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń dun Bàbá, ìgbéraga rẹ̀ ò sùn lọ́jọ́ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú pé mo pè é ní ìgbéraga, kó bínú. Èmi náà jogún díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, àwọn ọmọ wọn ló ń pọ̀n wọ́n lọ kírun Jímọ̀ ní Ọjà'ba. Bàbá ní ti òun kọ́ nìyẹn. "Òkú ni wọ́n ń gbé," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ bá gbé mi, ẹ má yà síbì kankan mọ́, ẹ yáa gbé mi dé sàréè." Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi pawọ́ pọ̀ ra mọ́tò fún un, nígbà tí mọ́tò ò tíì pọ̀ nígboro, tí ọmọdé ṣì ń sá tẹ̀ lé e láti Bẹẹrẹ títí yóò fi pòórá.

Mọ́tò dúdú ni. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó ṣeé ká sẹ́yìn. Igi ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, irin wà láàárín, ọmọrí idẹ kékeré kan sì bo ìdodo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan níwájú. Àbúrò bàbá mi ló ń wà á, Èkó ló ti kọ́ ọ. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, torí náà àwọn ìyá wa sọ ọ́ ní Bàbá Mọ́tò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé Bàbá Àgbà tó sọ ọ́ lórúkọ gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tó sọ ọ́. Ní gbogbo Jímọ̀, Bàbá á wọ agbádá funfun, á jókòó níwájú ní apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Mọ́tò, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara lé ọ̀pá rẹ̀. Mọ́tò á gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Àwa ọmọ ilé á tò síta, a ò ní kí ẹnikẹ́ni, a kàn máa yan kiri ni. Títí dòní, bí mo bá rántí bí àwọn àgbà Ọjà'ba ṣe máa ń yà fún mọ́tò náà, orí mi máa ń wú.

Ìyá mi nìyàwó tó kéré jù nínú ilé lọ́dún yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ni kó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún Bàbá, kó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì fi òrí pa orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ara á fi dẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá á dijú, á ní, "Ìyàwó, ìwọ náà á rẹ́ni tọ́jú ẹ." Bó bá di Alámísì, gbogbo àwọn ìyàwó ilé á jọ fọ mọ́tò nítorí Jímọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyálé ló ń pín in: lágbájá, ara mọ́tò; tàmẹ̀dù, àga inú rẹ̀; ìyàwó kékeré, ẹsẹ̀. Bàbá Mọ́tò á ti lọ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, á ní fífọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Ìyá mi wo ẹsẹ̀ mọ́tò, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ Bàbá náà ni. Ó yí ọmọrí idẹ náà, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún un. Ó wo inú rẹ̀, ó rí nǹkan dúdú kan tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló máa rí gírísì fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní pè é ní ìdọ̀tí? Ó fi àkísà nù ún dànù. Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọmọrí náà bí wọ́n ṣe ń fọ àwo idẹ, ó ki ọwọ́ eléérú náà bọ inú ihò, ó fọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó mọ́ tán, ó bu òrí tó funfun nini, ó fi dí i. Ti apá òsì, níbi tí Bàbá ń jókòó sí, ló fara balẹ̀ ṣe jù.

Kò pẹ́ tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí ẹni tí wọn ò fún lóńjẹ, nígbà tó yá ó di ẹkún gidi. Bó bá ń gun òkè Màpó, àwọn ọmọ àdúgbò á ti máa sín in jẹ. Ìyá mi gbọ́ ẹkún náà, àánú ṣe é. Bí mọ́tò bá ti ń ké sí i ni òun náà ń fi òrí kún òrí. Ní Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá, tí wọ́n ń bọ̀ láti Ọjà'ba, ẹsẹ̀ iwájú apá òsì dún gbàù, ó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Mọ́tò ní kí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n rí nǹkan ṣe. Bàbá ní òun ò lè rìn délé, wọn ò sì ní gbé òun, mọ́tò náà ni kí wọ́n tì. Wọ́n tì í lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń ké tó, Bàbá jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó ń dáhùn ìkíni lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé báyìí ni wọ́n ṣe ń wa mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá, àwọn ọkùnrin ilé gbé iwájú mọ́tò sókè, bàbá mi sì ń wá nǹkan tí wọ́n lè fi tì í. Òkúta yẹ̀. Àpótí fọ́. Ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sára odó Ìyálé. Wọ́n dojú odó dé ilẹ̀, wọ́n sì gbé mọ́tò lé ìdí rẹ̀. Ìyálé jáde, ó káwọ́ lérí, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pe bàbá mi.

"Bàbá Súnmọ́nù, odó mi lẹ fi gbé mọ́tò? Odó tí mo gbé wálé ọkọ?"

"Má bínú, nítorí Bàbá ni," ni bàbá mi wí.

"Kí la máa jẹ, nítorí Bàbá?"

"Ọkà wà."

"Iyán lóńjẹ, ọkà loògùn," ni Ìyálé fi dá a lóhùn, ó sì padà wọlé láti lọ wá èlùbọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn nìyẹn. Ọkà lónìí, ọkà lọ́la, ìró odó sì parẹ́ nílé wa. Àwọn ará ìta bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn ni.

Bàbá Mọ́tò tú ọmọrí idẹ náà, òórùn òrí sì gba gbogbo àgbàlá. Òrí ti yọ́, ó ti pò mọ́ eérú, ó ti dà bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́dìí ìkòkò. Ohun tí wọ́n ń pè ní bẹ́árìn, tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò máa yí láìfarapa, ló wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Irin róbótó inú rẹ̀, tó yẹ kó máa dán bí ọmọ ayò, ti jẹra gbágungbàgun. Bàbá Mọ́tò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Ta ló ki òrí bọ mọ́tò lẹ́sẹ̀?"

 Mo wo ìyá mi, mo rí i tó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò tutù. Ó rìn wá sáàárín wọn, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni. Mo rí i pé ó dọ̀tí ni. Ẹ forí jì mí."  Ìyálé ló dá a lóhùn: "Èmi ni mo ní kó fọ ẹsẹ̀. Mi ò ní kó fọ ìfun." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí àwọn ìyókù fi tú ká. Ojú tì í gan-an ni, ojú sì ti èmi náà nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò sì mọ sórí ẹ̀rín. Bàbá Mọ́tò ní kò sí bẹ́árìn náà nígboro, ó dọwọ́ Èkó, ó sì wọkọ̀ ojú irin lọ. Àwọn ìbátan wa láti Pópó Yemọja wá bá Bàbá pé bí mọ́tò ò bá dé, àwọn á gbé e lọ sí Yídì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bàbá tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi sọ tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Inú yàrá mi ni màá ti kírun." Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Láti ìgbà tí Bàbá ti di olórí ilé, kò sí Iléyá tí kò dé Yídì. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé bó bá fi lè jókòó sílé lọ́dún yìí, kò tún ní jáde mọ́ láé ni. Wọ́n ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbà tó bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ikú ló kù tó ń dúró dè. Ìyá mi náà mọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tó ń fọ ẹsẹ̀ Bàbá, omijé rẹ̀ ń kán sínú omi. Èmi ló ń gbé àtùpà dání. Bàbá jẹ́ kó sunkún tán, ó wá ní, "Ìyàwó, òrí tí o fi ń pa mí ò ba orúnkún mi jẹ́ rí. Irin ni kò mọ̀ ọ́n jẹ. Pa á lọ."

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá gan-an ni Bàbá Mọ́tò padà dé, bẹ́árìn wà nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó rí. Òun àti bàbá mi jókòó ti mọ́tò náà láàárín àgbàlá. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ibi tí òrí àti eérú dé, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà pẹ̀lú, wọ́n fọ̀ ọ́ títí irin fi ń dán. Òrùka irin kan wà tó há sínú ìdodo ẹsẹ̀, tí bẹ́árìn ń yí nínú rẹ̀. Bàbá mi fi igi líle gbá ti àtijọ́ jáde lẹ́yìn. Ìyẹn rọrùn. Àtifi tuntun sí i ló di ìjà. Òrùka tuntun ò wọlé. Bàbá mi gbé igi lé e, ó gbá a, ó wọ́ sápá kan. Ó yọ ọ́, ó tún gbé e, ó tún wọ́. Ó gbá a kíkankíkan, Bàbá Mọ́tò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Bó bá fi lè là, ó tán nìyẹn."

"Iná ló ń fẹ́," ni bàbá mi wí. "Irin tó bá mú iná á fẹ̀ fún un."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Igi mà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fẹ́ sun ún?"

Bàbá mi fi igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ń gbé irin wá bá láti Òkè Bọ́lá jókòó sórí àpótí, ó ń wo òrùka kékeré kan. Oòrùn ti ń lọ sókè. Àgbò Iléyá ń ké níbi tí wọ́n so ó mọ́. Nínú yàrá, Bàbá ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, ìyẹn ló sì burú jù.

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná. Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ òrí, kò tíì bá ọkùnrin kankan nínú ilé sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn bàbá mi.

"Bàbá Rálíátù, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́."

"Bí àwo tánganran méjì bá há sínú ara wọn, a kì í lù wọ́n, wọ́n á fọ́. A máa ń gbé ti ìta sínú omi gbígbóná, a ó bu omi tútù sínú ti inú. Wọ́n á fi ara wọn sílẹ̀."

Bàbá mi yíjú padà, ó wò ó títí. Mo rò pé ó fẹ́ kígbe mọ́ ọn ni. Ó ní, "Mo mọ iná láti kékeré, omi gbígbóná ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ gbé omi kaná."

Háà, ilé wa gbóná lọ́jọ́ yẹn. Ìyálé fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò tó fi ń se irú jáde, ó sì ń pàṣẹ bí ológun. Gbogbo ààrò ló gba ìkòkò, àwa ọmọ ń kó igi, ẹwìrì àgbẹ̀dẹ pàápàá di ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ iná ìdáná. Ìyá mi ju òrùka náà sínú amù tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí omi ti máa ń tutù jù. Wọ́n dá ẹsẹ̀ mọ́tò dùbúlẹ̀, wọ́n fi aṣọ tútù wé igi rẹ̀, wọ́n sì ń da omi híhó sí ìdodo rẹ̀, ìkòkò kan lẹ́yìn òmíràn, èéfín omi bo gbogbo wọn. Nígbà tí bàbá mi rí i pé ó tó, ó na ọwọ́. Ìyá mi yọ òrùka nínú amù, ó fi ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá mi ní, "Bìsìmílláhì." Ó gbé e lé ẹnu ihò náà. Kò gbá a. Ó kàn fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í, ó sì lọ sísàlẹ̀ tààrà, ó dún kó.

 Ìyálé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá Mọ́tò jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa nínú oòrùn, ó wá ṣí agolo gírísì, ṣùgbọ́n kò ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tì í síwájú ìyá mi. "Ìyàwó wa, ìwọ ni kí o fi pa á. Ọwọ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe." Ìyá mi jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó gbé bẹ́árìn náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi gírísì dúdú yẹn pa á, ó ń tì í wọnú gbogbo àlàfo rẹ̀ bó ṣe máa ń wá ibi tó ń dun Bàbá lórúnkún. Kò yára. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà padà, Bàbá Mọ́tò fi sípánà dè é le, ó tún tú u díẹ̀, ó ní bó bá le jù á jóná, bó bá dẹ̀ jù á máa mì. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ yí i. Gbogbo ilé tẹ́tí. Ó ń yí, ó ń yí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Wọ́n gbé mọ́tò sọ̀, Ìyálé gba odó rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ, nígbà tí Bàbá sì ṣínu ààwẹ̀ Árafà nírọ̀lẹ́, iyán ló fi ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wọ agbádá tó dára jù, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kó tó wọ mọ́tò, ó ní kí wọ́n pe ìyàwó kékeré, kó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bàbá mi. Èmi wà lórí itan ìyá mi. A gba Bẹẹrẹ kọjá, gbogbo ìlú wà lójú pópó nínú aṣọ tuntun, mọ́tò ò sì ké, kò kùn. Nígbà tí a dé Yídì, ogunlọ́gọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Bàbá ti wà lórí ẹní. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọmọ rẹ̀ pọ̀n wá, pariwo pé, "Wọ́n ní mọ́tò rẹ ti kú. Mẹkáníìkì wo ló bá ọ jí i?"

Bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ara lé ọ̀pá, ó wo bàbá mi, ó wo Bàbá Mọ́tò, ó ní, "Ìyàwó mi ni."

Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Bàbá mi, tí gbogbo wọn mọ̀ pé kì í fi ìyìn iṣẹ́ irin ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ní, "Òótọ́ ni Bàbá wí."

Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní Bàbá sí ṣì jìnnà díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì tẹ́jú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin sáré wá láti dì í mú, ó fi ọ̀pá lé wọn sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyàwó, sún mọ́ mi." Ìyá mi sọ mí kalẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ojú ń tì í láàárín gbogbo ọkùnrin yẹn. Bàbá Àgbà, tí kò jẹ́ kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ fọwọ́ tì í lójú ayé rí, gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì fi gbogbo ara tì í. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìyá mi fẹ́ yára kó lè kúrò lójú wọn, mo sì gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún un pé, "Rọra máa rìn, ìyàwó. Jẹ́ kí wọ́n rí wa."